Bí Mo Ṣe Pa Àwọn Òkú Ilé Wa Rẹ́

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ti rí ẹni tó pa òkú rí? Òkú ni mo wí o, n kò sọ alààyè. Ẹ má wo ẹ̀yìn yín, èmi náà ni. Èmi tí mi ò lè pa adìẹ láìsọ Bísímílà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọgọ́ta ni àwọn òkú agbo ilé wa ní Ẹ̀pẹ́, ìka kan ni mo fi pa wọ́n. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. Bí ẹ bá sì gbọ́ ẹni tó ṣẹ́ kù...

Nímọ́tà, má rẹ́rìn-ín. Ìwọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, ìwọ ló yẹ kó sunkún.

Nígbà tí eékún mi ò tíì máa dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ìyẹn kí ẹ tó máa fi àdúà ránṣẹ́ sí igba èèyàn lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú àwòrán òdòdó, ẹnu la fi ń ṣe àdúà fún òkú. Bí oṣù Ṣàbáànì bá ti dé, kí ààwẹ̀ tó wọlé, gbogbo ọmọ ilé á pé sí Ẹ̀pẹ́. Alfa á jókòó. Wọ́n á ka orúkọ àwọn tó ti lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó máa ṣe àmín. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló ń ka orúkọ nígbà náà. Kò mú ìwé lọ́wọ́ o! Orí ló fi ń kà á. Wọ́n bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ẹ ò kọ ọ́ sílẹ̀?" Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ kọ? Ṣebí àwọn ni wọ́n bí mi."

Kò fo ẹnì kan rí. Àmọ́ àwọn obìnrin... hmn. Àwọn obìnrin, orúkọ ọmọ wọn ló fi ń pè wọ́n. Ìyá Lágbájá, Ìyá Tàmẹ̀dò. Àṣà wa ni, ta ló ń pe ìyàwó ilé lórúkọ? Kódà nínú sàréè.

Nígbà tí Bàbá Àgbà náà di ẹni à ń kà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bùọ̀dá Làsísì, gba iṣẹ́ náà. Tirẹ̀ ní ìwé. Ó ra ìwé ọmọléèwé, ó kọ gbogbo wọn sílẹ̀, ó sì ya ìràwọ̀ kan sí ẹ̀yìn orúkọ ẹni tó bá ti dé Mẹ́kà. Ó ní kí wọ́n lè dá àwọn Àlájì mọ̀. Bí ẹni pé ìràwọ̀ Bùọ̀dá Làsísì ni máláíkà ń dúró dè.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ìyá mi. Ọ̀dọ̀ mi ní Ìkòròdú ló ti ṣàìsàn tó gbẹ́yìn. Ọjọ́ kan, mò ń fún un ní ẹ̀kọ mu, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti bí Làsísì, orúkọ mi ti kú. Ìyá Làsísì, wá. Ìyá Làsísì, lọ. Bàbá mi pa àgbò ní Agbówà kó tó sọ mí lórúkọ. Bí mo bá lọ, tí wọ́n bá ń ka àwọn òkú, kí wọ́n pè mí bí bàbá mi ṣe pè mí. Kí wọ́n pè mí tán. Ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́. Ó ní, "Ṣèlérí." Mo ṣèlérí. Ẹnu kì í rẹ èèyàn tó bá ń ṣèlérí, àbí?

Ṣàbáànì tó tẹ̀ lé ikú rẹ̀, Bùọ̀dá Làsísì ṣí ìwé, ó ní, "Ìyá Làsísì." Ó ka ara rẹ̀, ó kọjá sí ìlà tó kàn. Lẹ́yìn àdúà, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bùọ̀dá, Màámi ní orúkọ." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "O ṣeun, ọ̀mọ̀wé. Ìwé mẹ́ta girama tí o kà, ó ti tó ẹni tó ń tún ìwé mi ṣe. Gbà á. Lọ fi kọ̀ǹpútà yín kọ ọ́ wá, ká wá rí i."

Mo gbà á. Ìgbéraga mi ni mo fi gbà á, Aṣitagifirúlláà.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe nígbà náà ní Ìtamága, ní Ìkòròdú níbẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Tósìn. Ará Ìlàjẹ ni, ọmọ àwọn apẹja létí ọ̀sà, ọmọ ìjọ pàtàkì. Ojoojúmọ́ ló ń gbàdúrà pé kí n rí ìmọ́lẹ̀, èmi náà sì ń ṣe tèmi fún un. Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù wa kì í ṣe irú tiyín tó ń rẹ́rìn-ín sí èèyàn bí ẹ bá tàn án. Ojú dúdú ni, lẹ́tà funfun. Ọkọ Ìyá Tósìn ló tò ó bẹ́ẹ̀ kó tó kú. O tẹ àṣẹ, o tẹ ẹ́ńtà, ó ṣe é. Kì í bi ọ́ pé ṣé ó dá ọ lójú. Ẹ gbọ́, ìránṣẹ́ tó ń gbọ́rọ̀ jù léwu ju olórí kunkun lọ.

Bí o bá fẹ́ kó kọ nǹkan, o ó tẹ echo, o ó tẹ ohun tí o fẹ́ kó kọ, o ó wá fi ọfà tọ́ka sí ìwé tí o fẹ́ kó kọ ọ́ sí. Mo pe ìwé tèmi ní oku. Báyìí ni:

echo Baba Sule Alapo > oku

Ọfà kan. Mo tẹ ẹnì kìíní, ẹ́ńtà. Mo tẹ ìkejì, ẹ́ńtà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é láàárín iṣẹ́ oníṣẹ́. Bí mo bá ti tẹ ọ̀kan, màá ní, "Ọlọ́hun, dárí jì í." Mo sì ń pa á nù bí mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀ fún un! Nítorí pé ọfà kan kì í fi nǹkan kún nǹkan. Ó máa ń kọ́kọ́ nu ìwé náà mọ́ tónítóní ni, kó tó kọ tuntun sí i. Ṣé mo mọ̀? Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo ká a, mo kì í sínú àpò ìwé, mo lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Ta ló ń yẹ ìwé wò? Ẹ̀rọ ló ṣe é.

Nígbà tí Ṣàbáànì dé, Alfa já àpò ìwé ní Ẹ̀pẹ́. Ó wo iwájú ìwé, ó wo ẹ̀yìn. Ó ní, "Ọ̀kan péré ni?"

Ẹni tó kẹ́yìn nínú ìwé Bùọ̀dá ló kù. Bàbá Mùsílíù. Bàbá Mùsílíù tó bá gbogbo agbo ilé ṣẹjọ́ nítorí kànga, tó tún bá kànga fúnra rẹ̀ jà. Ìwé Bùọ̀dá sì wà ní Ìkòròdú lórí tábìlì mi. Kí la fẹ́ ṣe? Gbogbo ilé jókòó, wọ́n ṣàdúà fún Bàbá Mùsílíù nìkan, láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tí ìrẹsì fi jinná. Àǹtí Mùìbá, àbúrò bàbá mi, tí eyín rẹ̀ ti tán tí ẹnu rẹ̀ ò tán, ló sọ̀rọ̀: "Ẹ ṣe é dáadáa fún un. Ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ kí ilé yìí jẹ́ tòun nìkan. Ó ti rí i gbà."

Bùọ̀dá Làsísì kàn rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ̀rín yẹn, ó dùn mí ju èébú lọ.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Tósìn rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Ìyá Sikírá, ọfà kan ń nù, ọfà méjì ń fi kún! Ṣebí ọkọ mi kọ ọ́ sára ògiri níbẹ̀ yẹn." Mo wo ògiri. Lóòótọ́, ó wà níbẹ̀. Èmi ni mo ti ń fi ìjáàbù mi kọ́ sórí rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀.

Ọdún kejì, mo ṣí ìwé oku tuntun, ọfà méjì. Ìyá Tósìn tún kọ́ mi bí a ṣe ń kọ ìwé àṣẹ, tí èèyàn ò fi ní máa tẹ gbogbo rẹ̀ léraléra. Mo pè é ní fikun. Nínú rẹ̀, o ó kọ àmì dọ́là àti ení, $1. Ohun àkọ́kọ́ tí o bá kó lé ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo wá ń kó wọn lé e lọ́wọ́:

./fikun Iya wa Salamotu Asake omo Agbowa

Mo kà á nígbà yìí. Ṣé ẹ rò pé mi ò gbọ́n? Mo ka iye ìlà. Ọgọ́ta géérégé. Mi ò ka ohun tó wà nínú ìlà, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Alfa ṣí ìwé. "Àlájì." Àmín. "Àlájì." Àmín. "Ìyá." Àmín. "Bàbá. Àlájà. Ìyá. Ìyá. Àlájì..."

Àǹtí Mùìbá gbé ojú sókè. "Alfa, ṣé ẹ̀ ń kà wọ́n ni, àbí ẹ̀ ń kí wọn?"

Ẹ̀rọ ò mọ èèyàn, ẹ̀yin ọmọ. Àlàfo ló ń wò. Ibi tí àlàfo bá wà, ó rò pé ẹlòmíì ló bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ó mú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó da ìyókù nù. Nínú ilé tí oyè ń ṣíwájú orúkọ, tí kò sẹ́ni tó jẹ́ fi orúkọ lásán pe àgbà, kí lẹ rò pé ó máa kù? Oyè! Ọgọ́ta oyè, kò sí ènìyàn kan nídìí ẹ. Ìyá mi wá di "Ìyá" láàárín àwọn Ìyá. Tẹ́lẹ̀, ó kéré tán, Ìyá Làsísì ni. Mo ti gba orúkọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì fún un ní tirẹ̀.

Ìgbà yìí ni Bùọ̀dá Làsísì sọ̀rọ̀. "Ó tó gẹ́ẹ́. Láti ọdún tó ń bọ̀, ìwé mi la ó máa kà. Ìyá Làsísì ló wà níbẹ̀, Ìyá Làsísì ni wọn yóò máa kà títí tí ilé yìí ó fi wó."

Omi bọ́ lójú mi. Àǹtí Mùìbá ló gbà mí. "Làsísì, ẹ̀ẹ̀mẹta la ń fọ ojú ní àlùwàlá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣì fọ̀. Jẹ́ kó fọ ìkẹta."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, Àǹtí. Nítorí yín ni."

Ẹ wá wò mí bí mo ṣe ń kọ́ ìwé bí ọmọ ilé kéú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì àyọlò, àwọn kọ́mà kéékèèké méjìméjì tó ń lé lókè yẹn, di orúkọ kọ̀ọ̀kan níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé èèyàn kan ni gbogbo rẹ̀. Mo sì kọ ìràwọ̀ Bùọ̀dá mọ́ ọn, kí ó má baà sọ pé mo gba Mẹ́kà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo tẹ àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́. Mo kà á lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Yéè! Ní ẹ̀yìn Àlájì Bùsárí: ìwé ìpè ìgbéyàwó Dúpẹ́ àti Kọ́lá, fọ́ọ̀mù ilé ìwé, ètò ìkórè ìjọ Ìyá Tósìn, gbogbo ìwé oníbàárà tó wà nínú ẹ̀rọ wa! Ìràwọ̀ tí Bùọ̀dá fi ń júwe Mẹ́kà, lọ́dọ̀ ẹ̀rọ, "gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ yìí" ló túmọ̀ sí. Bí mo bá gbé ìyẹn dé Ẹ̀pẹ́, à bá ti bẹ Ọlọ́hun kó dẹ sàréè fún ìyàwó tuntun.

"Ìyá Tósìn, mo ṣáà ti dì í!"

Ìyá Tósìn wò ó, ó mi orí. "O dì í ní ìta. Bó ti wọlé ni wọ́n tú u. Ìwọ tí o kì í yọ ìjáàbù lójú ọkùnrin, o wọ ìjáàbù fún orúkọ títí dé ẹnu ọ̀nà, o wá bọ́ ọ láàárín agbo. Wọ̀ ọ́ fún un nínú ilé náà."

Ẹ ò rí i pé Kristẹni ló kọ́ mi ní ìjáàbù? Mo ṣí ìwé àṣẹ mi, mo tún un kọ:

echo "$1" >> oku

Ìlà kan. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ ìlà kan. Mo wá mọ̀ọ́mọ̀ lo ọfà kan lẹ́ẹ̀kan, mo fi nu ìwé oku àtijọ́ mọ́, ní ọjọ́ tí mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo tẹ gbogbo ọgọ́ta. Mo ka ìlà kọ̀ọ̀kan síta, mo fi ìwé Bùọ̀dá wò ó. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Màámi, mo yọ "Ìyá wa" kúrò. Mo ní ẹ̀mí mi ò fẹ́ oyè mọ́. Orúkọ ni Màámi bèèrè fún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ "rán an" kí ẹ tó ka ohun tí ẹ kọ, Nímọ́tà, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí: ka ìwé rẹ kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀rọ ò ní dójú tì ọ́. Àǹtí rẹ ló máa dójú tì ọ́.

Ọjọ́ náà pé. Nígbà tí ọkọ̀ kọjá oríta Agbówà, mo tún ṣí àpò ìwé, mo tún wò ó. Ó wà níbẹ̀. Mi ò lẹ ẹnu rẹ̀ pa.

Alfa ń kà. Àlájì Bùsárí. Bàbá Súlè Alápò. Àmín ń dún. Bùọ̀dá Làsísì kó ọwọ́ lẹ́rán, ó ń retí àṣìṣe. Alfa dé ìlà kan, ó ní, "Sálámọ́tù Àṣàkẹ́, ọmọ Agbówà."

Bùọ̀dá na ọwọ́ sókè kíá. "Ẹ dúró. Ta nìyẹn? Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé mi."

Àǹtí Mùìbá yí ọrùn sí i. "Oṣù mẹ́sàn-án lo fi gbé inú rẹ̀, Làsísì. O ò bèèrè orúkọ onílé?"

Mo rò pé yóò bínú. Ó ṣí fìlà. Ó ní, "Alfa, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ tún un kà."

Alfa tún un kà, láti orí dé ìdí, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Bùọ̀dá ló kọ́kọ́ ṣe àmín. Èmi ò lè ṣe é sókè. Mo tẹ orí ba, mo sọ ọ́ sínú ìjáàbù mi: "Màámi, wọ́n ti pè yín tán."