Fírígùlù Tí Mo Fi Pa Gàníyù Lẹ́nu Mọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti ìgbà Ìyípadà tí ìjọba ológun kéde, nígbà tí gbogbo wa ń pe ara wa ní kámáràdì. Mo rò pé màá gbé e wọ sàréè ni. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Gàníyù wá sílé mi. Ọ̀gá wọn fẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ní Gbégamey. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi.

Gàníyù kọ́ lorúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọ Ṣakété ni, èmi jẹ́ ọmọ Pobè, a jọ kẹ́kọ̀ọ́ físíìkì ní Kútọnù ni. Olùkọ́ wa fún àwa méjèèjì ní iṣẹ́ kan náà láti fi parí ẹ̀kọ́. Ó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan inú ọkàn átọ́ọ̀mù tí a bá fún un pọ̀ pinpin, tí a sì ń dáná sí i, bí irú èyí tó wà nínú ìràwọ̀ tó ń bú gbàù. Kò sí ìkòkò ayé yìí tó lè gbà á. Ìṣirò la fi ń sè é.

Kọ̀ǹpútà kan wà ní ọ́fíìsì kan ní Ganhi, ó tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n máa ń gbà wá láyè lọ́sàn-án Sátidé. Ihò la ń lu sára páálí pẹlẹbẹ, ihò náà ni ẹ̀rọ ń kà bíi nọ́ńbà.

Olùkọ́ ní kí kálukú ṣe tirẹ̀, kí èsì méjèèjì lè jẹ́rìí ara wọn. Wọn ò jẹ́rìí ara wọn. Tèmi ń gòkè geere: bí iná ṣe ń pọ̀ sí i ni ìgbóná ń lọ sókè. Ti Gàníyù gòkè, ó wá dúró lójú kan. Iná ń wọlé, ìgbóná ò kúrò níbi tó wà, ó pẹ́ kó tó tún máa lọ.

Gàníyù ní, "Omi tó ń hó ńkọ́, ọ̀gá? Bí ẹ ko igi sí i títí, kò ní gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó kàn ń gbẹ lọ ni. Bóyá nǹkan inú átọ́ọ̀mù náà ń hó ni."

"Kámáràdì, ṣé ìkòkò ìyá rẹ lo fi ṣe kọ̀ǹpútà ni?" ni olùkọ́ dá a lóhùn. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Gàníyù tún un ṣe, ibì kan náà ló dúró sí, ni olùkọ́ bá ní ó ń hùmọ̀ nọ́ńbà.

Àyè kan ṣoṣo ló wà láti lọ kàwé sí i lókè òkun. Èmi ni wọ́n fún.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó dùn mí jù rèé. Bí mo ṣe ń di ẹrù, mo yẹ àwọn páálí mi wò. Àwa tí a fi Faransé kàwé, fírígùlù la máa ń fi sáàárín òdo àti ìdá tó tẹ̀ lé e, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní kọ́mà. Ẹ̀rọ yẹn ò gbọ́ fírígùlù. Àmì róbótó tí a fi ń parí gbólóhùn ló fẹ́. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti mọ́ ọn láti kékeré. Nọ́ńbà agbára tí àwọn ẹyọ inú átọ́ọ̀mù fi ń di ara wọn mú ni mo fi fírígùlù sí. Ẹ̀rọ ka òdo, ó pa ìyókù tì. Nínú ìṣirò tèmi, ẹnikẹ́ni ò di ẹnikẹ́ni mú. Kí ló fẹ́ hó níbẹ̀? Gàníyù ló jàre.

Mo fa páálí náà ya. Mo ní màá sọ ọ́ lọ́la. Lọ́la yẹn, mo ti wà nínú ọkọ̀ òfúrufú. Mo lè sọ pé ìbẹ̀rù ìjọba ìgbà yẹn ni. Irọ́ ni. Ojúkòkòrò ni.

Ọdún gorí ọdún, àwọn onímọ̀ ibòmíràn náà rí ibi tí ìgbóná ti ń dúró yẹn. Èmi tí mo ti di olùkọ́, tí mò ń bú ọmọléèwé nítorí àmì kékeré, mo kà á, mo panu mọ́. Bí mo bá pàdé Gàníyù ní ọjà Dantokpa, tayọ̀tayọ̀ ló fi ń kí mi: "Felisité, ìwọ lorí ẹ pé!" Màá dúpẹ́, màá sì bá tèmi lọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá sọ fún mi pé, bí wọ́n bá ti wọ kíláàsì rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ fún wọn ni pé, "Mo rò pé mo gbọ́n ju olùkọ́ mi lọ. Ẹ má ṣe bíi tèmi." Ìtàn yẹn ni wọ́n fẹ́ kí n wá sọ. Sàdíátù, àbíkẹ́yìn rẹ̀, wà láàárín wọn. Ó ní, "Tàǹtí, físíìkì ni mo fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n Bàbá ní orí ìdílé wa ò gba ìṣirò."

Nígbà tí wọ́n lọ, mo tún iṣẹ́ náà ṣe lórí kọ̀ǹpútà kékeré mi, mo fi àmì róbótó síbi tó yẹ. Ìgbóná gòkè, ó dúró síbi tí Gàníyù ní ó máa dúró sí. Mo sunkún, àmọ́ inú mi dùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́.

Màá lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ìyẹn ti parí. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ibi tí n ó ti sọ ọ́. Bí mo bá lọ bá a nílé, yóò ní kí n gbàgbé ẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Yóò sì máa pe ara rẹ̀ ní aláṣìṣe lọ kí ojú má bàa tì mí. Bí mo bá sọ ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, bóyá màá ba ọjọ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá. Èyí ó wù kó jẹ́, mo fẹ́ kí Sàdíátù gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé bàbá rẹ̀ kò ṣì í.