Ó Ti Tọ́jọ́ Mẹ́ta

Fúnkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ti wọ iléèwé nọ́ọ̀sì báyìí. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ló wá kí mi ní Agége. Ó jókòó, ó ń bá mi ṣa ẹ̀wà, ló bá béèrè pé, "Bàbá mi, ó tó ìgbà wo tí ara màámi ti ń gbóná kẹ́ ẹ tó gbé wọn lọ sọ́sibítù?" Ó ní ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ àwọn láti bi ará ilé aláìsàn nìyẹn. Mo ní mò ń lọ ra kẹrosíìnì. Kẹrosíìnì wà nílé, ó kún sítóòfù dẹ́nu. Ìdí réluwé ni mo lọ dúró sí bí ẹni tó ń retí ọkọ̀, omi ń bọ́ lójú mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ọ̀rọ̀ mi, ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò, nítorí mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ibi iṣẹ́ ni mo ti pàdé ìyá rẹ̀. Iléeṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìkẹjà ni mo wà, èmi ni mò ń bójú tó jẹnẹrétọ̀ wọn. Òun ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Aláúsá, níbi tí wọ́n ti ń ṣàkójọ iye epo àti iná tí àwọn iléeṣẹ́ ń lò. Ó wá béèrè iye epo dísù tí ẹ̀rọ wa ń mu lóṣù. Mo dáhùn kíá pé, "Dúrọ́ọ̀mù ogún." Ó wò mí. "Ẹ wọ̀n ọ́n ni, àbí ẹ fojú dá a?" Ta ló bi mí nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí! Mo ní mo fojú dá a ni. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣeun o. Ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́wọ́ láti àárọ̀."

Nígbà tí mo wá ń fẹ́ ẹ, tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ láyé, ìbéèrè yẹn náà ló fi dá mi lóhùn. Ó di àwàdà ilé wa. Bí mo bá ní iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, á ní, "Bàbá Fúnkẹ́, ṣé ẹ wọ̀n ọ́n ni?"

Ohun kan ń dùn ún níbi iṣẹ́. Iye nìkan ni wọ́n ń kọ ránṣẹ́, wọn kì í sọ bí wọ́n ṣe rí i. Ó fẹ́ kí bébà àlàyé kan máa tẹ̀ lé gbogbo iye tó bá jáde, kó jẹ́ irú kan náà ní gbogbo ìpínlẹ̀: ta ló wọ̀n ọ́n, èwo ni wọ́n fojú dá, iléeṣẹ́ wo ni wọn ò dé, kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá rẹ̀ ní, "Ìyá Fúnkẹ́, iye làwọn tó wà lókè ń béèrè, wọn ò béèrè ìtàn." Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Iye tí ò nítàn, ọmọ tí ò ní bàbá ni." Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè bọ́ bàtà. Akọ̀wé tuntun kan ló lọ sí iléeṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Ògbà. Bàbá Ìjẹ̀bú tó ni ibẹ̀ ní, "Dísù kẹ̀? Ó ti tọ́jọ́ mẹ́ta tá a ti rí i rà kẹ́yìn." Akọ̀wé kọ ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà òjò ni ẹ̀rọ bàbá náà ti dákẹ́, ọyẹ́ sì ti ń fẹ́! Ìyàwó mi, ọmọ Ìjẹ̀bú fúnra rẹ̀, ní, "Ẹni tó rìnrìn àjò lọ́dún méje, tó bá dé, ṣebí ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta náà la ó kí i!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó kọ ọ́ sínú bébà rẹ̀: bí ẹnikẹ́ni bá pe ọjọ́ mẹ́ta, ẹ tún bi í. Èmi ni mo bá a kà á kó tó mú un lọ. Ẹ rántí èyí, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ ọ́n.

Sáàpù dé, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n. Iléeṣẹ́ ń dá òṣìṣẹ́ dúró, àwa tó kù ń ṣe tiwa mọ́ tàwọn tó lọ. Iná ìjọba kì í dúró, jẹnẹrétọ̀ ò sì gbọdọ̀ kú, nítorí náà mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ibi iṣẹ́ di ilé. Bí mo bá yà sílé, màá bá ìyàwó mi tó fi aṣọ bora. Á ní ara òun ló ń gbóná díẹ̀. Màá ra oògùn ibà fún un, màá tún jáde. Kí ni mo rò pé mò ń ṣe? Mo rò pé mò ń wá oúnjẹ wọn ni.

Ọjọ́ tí kò lè dìde mọ́ ni mo gbé e lọ sọ́sibítù. Èrò pọ̀. Dókítà kì í ṣe Yorùbá, ojú rẹ̀ sì pọ́n fún àìsùn. Ó fi òyìnbó béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́nu mi ni pé ó ti tọ́jọ́ mẹ́ta, bí gbogbo wa ṣe máa ń wí i. Mo sì fẹ́ kó mọ̀ pé èmi náà kàwé. Mo yí i sí òyìnbó bó ṣe rí gan-an: tirí dées. Ìyàwó mi lajú lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní, "Bàbá Fúnkẹ́, ṣé ẹ wọ̀n..." Mo ní, "Sinmi jàre, mò ń bá dókítà sọ̀rọ̀." Ó tún dijú.

Ẹyin lohùn. Dókítà ní bó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ibà lásán ni. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, a padà sílé. Kò pẹ́ tí inú rẹ̀ fi le bíi pákó. Nígbà tá a fi padà débẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Táífọ́ọ̀dù ni, ó ti dá ìfun lu. Dókítà àgbà tó wò ó ní èyí á ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán. Ó ní, "Ta ló sọ pé ọjọ́ mẹ́ta?" Mo ń fa aṣọ bo ìyàwó mi. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò mọ́ bá ìyàwó mi.

Ọ̀gá rẹ̀ wá kí mi. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní àwọn ti ń lo bébà Ìyá Fúnkẹ́ báyìí, gbogbo iye tó bá jáde ni bébà náà ń tẹ̀ lé. Ó rò pé òun ń tù mí nínú ni. Ìyá ìyàwó mi ní àmúwá Ọlọ́run ni, mo ṣe àmín.

Nígbà tí mo ti ìdí réluwé padà lọ́jọ́ Àìkú, Fúnkẹ́ ní, "Ẹ ò tíì dá mi lóhùn o." Ẹ gbọ́ ohun tó tún jáde lẹ́nu mi: "Ọmọ mi, ó tọ́jọ́ mẹ́ta." Ó gbójú sókè. Ojú ìyá rẹ̀ gan-an ni. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́ta tí à ń kà ni, Bàbá mi, àbí ọjọ́ mẹ́ta tí à ń wí?"

Yóò padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ dákun, ṣé kí n sọ fún un? Bí mo bá sọ ọ́, ṣé yóò tún pè mí ní bàbá? Bí n ò bá sì sọ ọ́, irú iṣẹ́ wo ni mo jẹ́ kó máa kọ́? Ní tiyín, bí ẹ bá gbé ẹni yín lọ sọ́sibítù, tí ẹ ò sì mọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀. Ká ní mo ní mi ò mọ̀ lọ́jọ́ náà, dókítà ì bá yíjú sí orí bẹ́ǹṣì, ì bá bi ìyàwó mi fúnra rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Ó ti ka ọjọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.