Yàrá Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì

Nínú ọkọ̀ trotro tí ó ń ti Mamobi lọ sí Circle, ọkùnrin kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jókòó síwájú mi, wọ́n ń bá ara wọn jà ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ṣọ́ọ̀ṣì? Ìwọ, ọmọ Ààfáà?"

"Àǹtí, kì í ṣe ìsìn. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n yá wọn lò. Àwọn tó fẹ́ fi ọtí sílẹ̀ ló ń pàdé níbẹ̀."

"Bí ará àdúgbò bá rí ọ ńkọ́?"

"Wọ́n ti rí mi nínú gọ́tà. Ẹ̀yin alára lẹ bu omi wẹ̀ mí."

"Ibà ni mo pè é fún wọn."

"Ẹ ò lè máa pè é ní ibà títí màá fi kú. Nígbà tí mo ń mu akpeteshie, ta ló bi mí pé ẹlẹ́sìn wo ló ni ilé ọtí?"

Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, ó sì ń bí mi nínú. Irú àwùjọ wo ni èyí, tí ó lè gbójú fo ọkùnrin tí ó sùn sí gọ́tà, ṣùgbọ́n tí yóò pariwo bí ó bá gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wọlé láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là?

Ọkọ̀ dúró. Ọkùnrin náà dìde.

"Kí ni kí n wá sọ fún Màámá?"

"Ẹ ní mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ojú mi sì dá ṣáká."