Kí Táyé Kọ́kọ́ Tọ́ Ọ Wò

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e.]

ADÉTÓUN: Ẹ káàsán mà, Màmá Kẹ́hìndé. Adétóun ni, nọ́ọ̀sì inú ìwádìí kòrónà.

MÀMÁ: Tóún ọmọ mi! Káàsán o. Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òjò tó ń pa wá ní Salford, ìlú òyìnbó yìí—

ADÉTÓUN: A dúpẹ́ mà. Ṣé ẹ ti ń bọ̀? Aago méjì làwọn charity, ẹgbẹ́ aláàánú yẹn, ń jókòó ìpàdé o.

MÀMÁ: Fara balẹ̀. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ti ṣètò gbogbo ẹ̀.

ADÉTÓUN: Nǹkan kan wà mà. Ẹ̀jẹ̀ orí ìka tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí wa, result ẹ̀ ń dà wá láàmú. Lóṣù kan, antibody kún inú ẹ̀—

MÀMÁ: Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

ADÉTÓUN: Sójà tí ara ń kó jọ tí kòrónà bá ti bá a jà. Lóṣù kan, wọ́n pọ̀ bí eéṣú. Lóṣù kejì, kò sí ẹyọ kan. Oṣù kẹta, wọ́n tún ti dé! Wọ́n ní ẹ̀rọ wa ti bàjẹ́. [Ariwo lórí ìlà.] Ṣé ẹ gbọ́ mi?

MÀMÁ: Mo gbọ́. Ẹ̀rọ yín ò ṣe nǹkan kan. Oṣù tí sójà pọ̀ yẹn, oṣù Táyé ni.

ADÉTÓUN: Oṣù ta ni?

MÀMÁ: Táyé, èkejì mi. Àbí o rò pé mo kàn ń jẹ́ Kẹ́hìndé lásán ni?

ADÉTÓUN: Mo rò pé Ìkirè ni wọ́n wà!

MÀMÁ: Ọ̀dọ̀ mi níbí ló wà. Ọjọ́ tí o wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gún ìka, òun ló ṣílẹ̀kùn fún ọ.

ADÉTÓUN: Yéè! Mo kí wọn ní Màmá Kẹ́hìndé!

MÀMÁ: Ó sì dá ọ lóhùn. Ọmọlúàbí ni.

ADÉTÓUN: Ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú ìwádìí, mà!

MÀMÁ: Ta ní ń ṣe nǹkan fún ọ̀kan nínú èjìrẹ́ kó fojú fo èkejì? Mo wo abẹ́rẹ́ yín, mo ní, "Táyé, ìwọ ni mo rán wá tọ́ ayé wò. Tọ́ èyí náà wò." Ó tọ́ ọ wò, kò kú. Lóṣù kejì, mo gún tèmi. Bá a ṣe ń gbà á ṣe nìyẹn.

ADÉTÓUN: [Ẹ̀rín.] Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín! Tí àwọn charity ò bá gba ẹ̀rọ wa gbọ́, wọ́n á dá owó dúró lónìí, ìwádìí á kú.

MÀMÁ: Ṣé ìjọba kọ́ ló ń sanwó ni?

ADÉTÓUN: Ẹsẹ̀ ìjọba wúwo, mà. Nígbà tí àrùn bẹ́ sílẹ̀, charity yìí ló kọ́kọ́ nawọ́ sí wa. Owó àwọn tó ń ta kéèkì, àwọn tó ń sáré nínú òjò kí aráàlú lè dáwó ni. Ìyá arúgbó kan ní Wigan fi ilé ẹ̀ sílẹ̀ fún wọn kó tó kú. Ilé yẹn ló di abẹ́rẹ́ tí ẹ fi ń gúnka.

MÀMÁ: Odindi ilé?

ADÉTÓUN: Odindi ilé, mà.

MÀMÁ: Ẹni tí ò mọ̀ wá rí! Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ilé ìyá yẹn ò ní wó mọ́ wa lọ́wọ́. Tóún, ṣé o gbọ́ mi?

ADÉTÓUN: Ẹ ń já— ẹ dúró ná. Ilé kan náà, ìkòkò ọbẹ̀ kan náà, kòrónà mú Táyé, kò mú yín?

MÀMÁ: Ó dá Táyé wólẹ̀. Èmi tí mò ń se ọbẹ̀ ata fún un, n ò tilẹ̀ sín.

ADÉTÓUN: Mà! Irú yín làwa olùwádìí ń wá kiri! Ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ wá, kí wọ́n fojú rí yín. Ẹ wọ táksí, wọ́n ti ń— áà! Ẹ ti dé! Mò ń wò yín lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú gèlè búlúù. Ọ̀gá charity ń bọ̀ yín lọ́wọ́, ó ń pè yín ní Kẹ́hìndé, ẹ sì ń dá a lóhùn—

MÀMÁ: Ta ló dé? Bàtà ni mo ṣì ń wá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

ADÉTÓUN: Mà?

MÀMÁ: Ṣebí mo ní mo ti ṣètò. Mi ò mọ bí ìpàdé òyìnbó ṣe ń rí, mo wá ní kí Táyé kọ́kọ́ lọ tọ́ ọ—

[Ìlà já.]