Ohun Tí Ẹyẹ Wa Rí Lára Àṣàbí

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti tó ọdún méjìlá tí ọ̀rọ̀ ẹyẹ kan ti wà lọ́kàn mi. Èmi kò mọ̀wé. Tíṣà kan ní Òkè Bọ́lá ló ń bá mi kọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan bi mí ní ìbéèrè ní ìsàlẹ̀ Mápó, mo sì tún purọ́ fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ bá tíṣà.

Nígbà tí ọkọ mi kú, mo padà sílé bàbá wa ní Bẹyẹrúnkà. Làmídì àbúrò mi, tó ń hun aṣọ, ló ń bọ́ mi. Kò tíì níyàwó. Ó ra ẹyẹ kan lọ́wọ́ Gàmbàrí tó bá ọkọ̀ ojú irin wá, ẹyẹ aláwọ̀ ewé tó jọ odídẹrẹ́ ṣùgbọ́n tí kò tó o rárá. Orí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ni àgò rẹ̀ máa ń wà, èmi ni mo sì ń tọ́jú rẹ̀.

N kò bímọ, mo ráyè wo ẹyẹ. Bí ara bá tù ú, á ká ẹsẹ̀ kan sókè, á tú ìyẹ́ sílẹ̀, á máa fi ẹnu lọ ẹnu kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Bó bá fẹ́ ẹ̀pà, á máa mi orí. Bí ẹ̀rù bá bà á, ìyẹ́ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ara, á rí tín-ín-rín, á fi ojú kan wo òkè, á sì figbe ta. Ohunkóhun tó bá gba òkè orí rẹ̀ kọjá, ó máa ń rò pé àwòdì ni. Èmi gan-an, bí mo bá ru omi wọlé, á ké. Bí mo bá sọ ìkòkò kalẹ̀, á dákẹ́.

Kò pẹ́ tí gbogbo agboolé fi ń bi mí ohun tí ẹyẹ ń sọ. Ẹ má bínú, mo gbádùn rẹ̀. Bàbá wa tiẹ̀ gbà pé ẹyẹ náà mọ èèyàn rere yàtọ̀ sí èèyàn búburú.

Làmídì wá rí Àṣàbí, ọmọ Ìdí Àrẹ̀rẹ̀, tó fẹ́ fi ṣe aya. Ọmọ dáadáa ni. Lọ́jọọjọ́ Jímọ̀ ló ń ru igbá oúnjẹ olómorí ńlá wá kí wa. Bó bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, ẹyẹ á figbe ta. Èmi ló yẹ kí n bá a sọ igbá kalẹ̀, n kì í sì í yára. Bí mo bá sọ̀ ọ́ tán, mo máa ń gbé ẹyẹ lọ sẹ́yìn ilé, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i pé ó ti dákẹ́.

Ní Jímọ̀ kẹta, bàbá pè mí, wọ́n ní kí n sọ òótọ́ ohun tí ẹyẹ ń rí tó fi ń ké. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò ó pé bí ìyàwó bá wọlé, ta ni yóò tún rántí opó tí kò bímọ? Mo dorí kodò.

Mo ní, "Bàbá, ẹyẹ yìí kì í ké sí èèyàn lásán."

Wọ́n ránṣẹ́ sílé Àṣàbí pé àwọn kò ṣe mọ́, pé ẹyẹ rí nǹkan lára rẹ̀. Làmídì sunkún. Lẹ́yìn ọdún méjì, tí ẹyẹ ti kú, ó fẹ́ ẹlòmíràn. Ìyàwó yìí ló ń bu oúnjẹ fún mi títí dòní, kò sì fojú pa mí rẹ́ rí. Ohun tí mo ń bẹ̀rù kò ṣẹlẹ̀ rárá.

Àṣàbí ni mo pàdé ní Mápó. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Kò lọ́kọ. Ó ní ọkùnrin méjì ti wá, òun lòun kọ̀ wọ́n, kí òun má baà kó ibi wọlé wọn.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹyẹ yẹn rí lára mi?"

Mo ní n kò mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá jẹ́wọ́, Làmídì lè lé mi, mi ò sì níbòmíràn tí mo lè lọ. Tíṣà ti gbé kálámù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò wo ojú mi. Ẹ̀yin ará Ìdí Àrẹ̀rẹ̀, bí n kò bá tíì lágbára àtilọ, ẹ bá mi sọ fún un pé igbá orí rẹ̀ ni ẹyẹ rí. Kò rí nǹkan kan lára rẹ̀.