Ohùn Kejì Tí N Kò Rán

Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Èèyàn mẹ́ta ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Ìbarà: èmi, Kẹ́hìndé tí a jọ ṣiṣẹ́ rí, àti Mùfú tó jẹ́ awakọ̀ wa nígbà náà. Wọ́n mú ìwé kan wá kí n fọwọ́ sí i. Ìwé náà ló jẹ́ kí n máa kọ èyí sí yín, ẹ̀yin òǹkàwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú sí mi, ẹ kà á dé òpin.

Ọdún méje ni mo ti fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́. Ìyàwó mi kú láìgbọ́ ọ. Àwọn ọmọ mi kò mọ̀ ọ́n.

Òṣìṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì ni mí nígbà náà ní ilé iṣẹ́ kan tó ń fi Láńdírófà kó oògùn lọ sí àwọn abúlé. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kan wà nínú ọkọ̀, òmíràn wà lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n òkè àti òkúta ilẹ̀ Ẹ̀gbá kì í jẹ́ kí ohùn dé pípé. Wọ́n lè gé ọ̀rọ̀ kan jẹ láàárín. Nítorí náà ni ọ̀gá wa ṣe fi òfin lélẹ̀ pé gbogbo ọ̀rọ̀ pàjáwìrì gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà méjì. Èmi á kọ́kọ́ pe ọkọ̀ tààrà láti Ìbarà. Lẹ́yìn náà, màá fi tẹlifóònù sọ ọ́ fún Kẹ́hìndé, tó wà nínú ilé kékeré kan lórí òkè lẹ́bàá Ewékorò, òun náà á sì fi ẹ̀rọ tirẹ̀ pe ọkọ̀ kan náà. Ohun tí ọ̀nà tèmi bá gé jẹ, ọ̀nà tirẹ̀ á gbé e dé. Awakọ̀ á kọ méjèèjì sílẹ̀, á fi wọ́n wéra. Bí wọn kò bá bára mu, kó dúró sójú kan, kó béèrè.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, ìròyìn dé pé odò ti jẹ ìdí afárá onípákó kan lápá Wásinmi. Ibẹ̀ ni Mùfú ń lọ. Mo gbé ẹ̀rọ. Ariwo pọ̀ nínú rẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé, "Ẹ má gba orí afárá." Mo pariwo, mo fa ohùn gùn kó lè gbọ́ mi, ohùn tí mo fà gùn náà ló sọ "ẹ má gba" di "ẹ máa gba". N kò mọ̀ nígbà náà. Mùfú dáhùn pé òun ti gbọ́.

Ó ku Kẹ́hìndé. Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà.

Kí èèyàn tó rí Ewékorò bá sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, ó lè tó wákàtí kan. Mo ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí ilé ìwé àgbà kí n lè gba ìwé ẹ̀rí. Aago mẹ́rin ni ìdánwò wa lọ́jọ́ náà. Mo wo aago. Mùfú ṣáà ti ní òun gbọ́. N kò fọwọ́ kan tẹlifóònù náà rárá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ pé mo ti rán an ní ọ̀nà méjèèjì, mo fọwọ́ sí i, mo sì lọ.

Afárá náà já lábẹ́ ọkọ̀. Mùfú nìkan ló wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ló fà á yọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò gún mọ́ láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí àwọn ọ̀gá wa jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí, Mùfú ní "máa" ni òun gbọ́. Wọ́n ṣí ìwé mi, wọ́n bá "má" níbẹ̀. Ó ní òun dúró díẹ̀ de ohùn kejì, kò dé, òun sì rò pé òjò ló dí i lọ́nà. Gbogbo ojú bá yí sí Kẹ́hìndé. Ó búra pé tẹlifóònù kò dún. Wọ́n bi mí bóyá mo pè é.

Mo ní, "Mo pè é, sà."

Kẹ́hìndé wò mí. Mo rò pé yóò pè mí ní òpùrọ́. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n ò ní parọ́ mọ́ mi. Bóyá ìgbà tí mo jáde lọ tọ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dè mí títí di òní. Ó gbà mí gbọ́ ju etí ara rẹ̀ lọ. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá pẹ́ dé ibi kan báyìí, àwọn èèyàn á ní ṣé ó tún lọ tọ̀ ni.

Èmi yege ìdánwò náà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ sílé rẹ̀ kí n lè sọ òótọ́. Lẹ́ẹ̀kíní, inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ láti rí mi tí n kò fi lè la ẹnu. Lẹ́ẹ̀kejì, ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ilé Kẹ́hìndé ni oúnjẹ tí mò ń jẹ ti ń wá.

Ìjọba ti wá ní kí àwọn tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ láìtọ́ kọ̀wé wá, kí wọ́n lè tún ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀ wò. Ìdí nìyí tí àwọn méjèèjì fi wá bá mi lọ́jọ́ Àìkú náà. Mùfú na ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àpótí. Ó ní, "Bàbá Ṣadé, ẹsẹ̀ mi yìí máa ń sọ fún mi bí òjò bá ń bọ̀. Ó sàn ju wáyálẹ́ẹ̀sì yín lọ." A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Kẹ́hìndé tẹ́ ìwé náà síwájú mi. "Mo ti rò ó, ẹ̀gbọ́n. Ẹ pè mí, òótọ́ ni. Tẹlifóònù ò dún, òótọ́ ni. Ìlà ló bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ṣáà bá mi jẹ́rìí sí i."

Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ di ọ̀la, pé n kò rí awò ojú mi.

Mùfú ní, "Awò yín wà lójú yín, Bàbá Ṣadé."

Kẹ́hìndé ní kó jẹ́ kí àgbà sinmi. Wọ́n lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibi tí mo wà. Àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifóònù ní ìwé àkọsílẹ̀ tiwọn. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á rí i pé ìlà kò bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, Kẹ́hìndé á sì di òpùrọ́ títí ayé lórí irọ́ tèmi. Bí n kò bá fọwọ́ sí i, á béèrè ìdí rẹ̀. Bí mo bá sọ òótọ́, Mùfú á mọ ẹni tó ba ẹsẹ̀ òun jẹ́. N kò rí ibi tí mo lè gbà jáde.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ohun tí mo ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Ṣé ó ṣì ṣeé tún ṣe? Ta ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kíákíá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé náà, mo fọwọ́ sí ìwé náà. Mo fẹsẹ̀ ara mi gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Akọ̀wé tó gbà á bi mí bóyá òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kẹ́hìndé ń dúró dè mí lẹ́nu géètì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo àwọn tó ń kọjá. Mo ní kó dìde. Nígbà tó dìde, mo bá a gbọn erùpẹ̀ kúrò láyà.