Gíláàsì Tí Mo Fi Pamọ́

Ẹ jókòó dáadáa, nítorí n kò ní lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kejì. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi ti lọ fún ọdún mẹ́sàn-án. Ojú mi ń ṣú báyìí. Dókítà ní tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ìkùukùu lásán ni màá máa rí. Ojú tó ṣèké ló ń lọ yìí, n kò bá a jiyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Alálùbọ́sà, ẹ mọ iṣẹ́ mi ní yàrá àyẹ̀wò. Tí ẹnì kan bá fura sí ilẹ̀ rẹ̀, a ó po erùpẹ̀ ibẹ̀ mọ́ omi, a ó sẹ́ ẹ, a ó gbé àlùbọ́sà lé ẹnu ìgò omi náà títí yóò fi ta gbòǹgbò. Ṣóńṣó gbòǹgbò náà la ń tẹ̀ mọ́ gíláàsì pẹlẹbẹ, tí a ń fi màíkírósíkóòpù wò. Sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá máa ń pín sí méjì jẹ́jẹ́; àwọn okùn tín-ín-rín tó gbé àbùdá á pín ara wọn dọ́gba bí ọmọ ìyá tí kì í jà. Nọ́mbà lásán ni ọ̀gá wa máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì, kí ojú má baà ṣègbè. Ṣùgbọ́n èmi tí mo fọwọ́ ara mi gbé àlùbọ́sà lé omi, ṣé nọ́mbà ló máa tàn mí?

Ìyá Ọlọ́gbà, ẹ̀yin tí ẹ jókòó níwájú mi yìí, ẹ gbé erùpẹ̀ ọgbà yín wá, pẹ̀lú ìgò kékeré kan tí irúgbìn àtijọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ ní, "Ọmọ mi, àgbàdo ìyá mi ni. Èyí tí mo kórè lọ́dún tó kọjá ń hù ní funfun bí òwú, ó sì ń kú. Bá mi wò ó, ṣé ilẹ̀ ni àbí irúgbìn?" Ẹ̀yìn ọgbà yín ni tánkì dísẹ́ẹ̀lì ibùdó ọkọ̀ wà, àbúrò mi ló sì ń ṣọ́ ọ. Ṣáájú ìkórè yẹn, kò ti ẹnu tánkì náà dáadáa, epo sì wọlẹ̀ fún odindi ọjọ́ méjì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí," ló wí. "Tí wọ́n bá mọ̀, mo ti tán nìyẹn."

Mo wo gíláàsì yín. Àwọn okùn náà ti já: ilẹ̀ ló ní májèlé. Àwọn kan lẹ̀ mọ́ra, wọn kò lè tú. Àwọn kan ṣáko lọ láàárín sẹ́ẹ̀lì, kò sẹ́ni tó gbà wọ́n sílé. Mo wò ó títí ara mi fi fúyẹ́ bí ẹni tó léfòó lórí omi. Ó dà bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló tẹ gbòǹgbò tó hù nínú omi mímọ́ mọ́ gíláàsì tuntun, tó lẹ nọ́mbà yín mọ́ ọn, tó ti tiyín sí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀. Irọ́ ni. Ọwọ́ mi ni.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ẹ wá gbọ́ èsì, ẹ ní, "Irúgbìn ni, àbí?" Mo ní, "Irúgbìn ni, mà." Ẹ kò jà. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ yín, ẹ ní, "Irúgbìn rere ni ìyá mi fún mi. Ọwọ́ mi ló bà á jẹ́." Ẹ lọ dáná sun gbogbo irúgbìn tó kù nílé. Mo rí èéfín náà láti fèrèsé wa, mo sì padà sídìí iṣẹ́ mi. Ìkà ni mí.

Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ máa jókòó sórí àga mi ní yàrá àyẹ̀wò, ẹni tí ẹ bá fẹ́ràn, ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ purọ́ mọ́ ohun tí kò lẹ́nu.

Ìyá, ìgò kékeré yín kò kúrò nínú fíríìjì wa. Mo gbin mẹ́wàá sínú agolo lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ojú mi kò gbé e, mo ní kí àbúrò mi bá mi kà á. Ó sunkún kó tó lè sọ̀rọ̀: mẹ́sàn-án ló hù, kò sí funfun kankan níbẹ̀. Gíláàsì yín rèé. Agolo yín rèé. Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ na ọwọ́ yín yẹn, kí ẹ gba àgbàdo ìyá yín. Ọwọ́ yín kò ba nǹkan kan jẹ́ rí.